Ètò Sáyẹ́ǹsì Ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ Lórí Rédíò: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Wá

Kí ni iṣẹ́ ètò yìí gan-an?

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, a máa ń mú ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, tàbí ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí lọ́wọ́, wá sí etí ẹni tí kì í gbé inú yàrá ìwádìí. A ó pe ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, a ó ní kó sọ bó ṣe ṣe é. Lẹ́yìn náà la ó wá ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún dunjú, àmọ́ tí kò sí lára wọn, kó bá wa wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Lójú tèmi, ẹni kejì yìí ṣe pàtàkì ju ẹni àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá rí nǹkan máa ń nífẹ̀ẹ́ ohun tó rí. Kò burú, ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Kí ló dé tí ẹ kì í ṣe é lójoojúmọ́?

Ìwé ìwádìí kan gba kíkà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó yé ènìyàn, ẹni tó yẹ kó fèsì sí i sì lè má gbé fóònù títí di ọjọ́ kẹta. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí náà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n yàn: Quirks & Quarks ní Kánádà àti The Science Show ní Ọsirélíà, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 1975, àti Science Friday ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ LK-99. Ní oṣù Keje 2023, àwọn onímọ̀ kan ní Kòríà ti Gúúsù gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn ti ṣe ohun kan tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà kankan, láìjẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ di yìnyín kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ariwo ti gba ayé kan. Nígbà tí oṣù Kẹjọ fi máa dé ìdajì, àwọn yàrá ìwádìí mìíràn ti ṣe é wò, wọn kò sì rí iṣẹ́ ìyanu kankan níbẹ̀. Bàbà tó pò mọ́ imí-ọjọ́, tó kù sínú ohun náà, ló ń tan ojú jẹ. Ẹni tó ti kéde rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ní láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ẹni tó dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ìtàn tó pé lọ́wọ́.

Mi ò ka sáyẹ́ǹsì nílé ìwé. Ṣé yóò yé mi?

Yóò yé yín. Bí kò bá yé yín, àwa la ò sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Kí n tó wọ sítúdíò, mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnì kan nínú wa tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ niṣẹ́ tirẹ̀. Ibi tó bá ti dẹ́kun orí mímì, níbẹ̀ ni mo máa ń padà lọ tún kọ.

Báwo lẹ ṣe ń sọ ohun tí Yorùbá kò ní orúkọ fún?

Èyí tí etí ti mọ̀, bí átọ́mù àti fáírọ́ọ̀sì, a ń lò ó bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò tíì sí, a máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ tó ń ṣe dípò ká fi tipátipá sọ ọ́ lórúkọ.

Èyí tó le jù ni orúkọ tó ti wà, tó sì ń ṣini lọ́nà. Ohun tí a ń pè ní ihò dúdú kì í ṣe ihò. Ohun tó wúwo rékọjá ààlà ni, tó sún jọ sójú kan débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán àkọ́kọ́ irú rẹ̀ han aráyé ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 2019, ìyẹn èyí tó wà láàárín agbo ìràwọ̀ M87, tó wúwo tó bílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀ oòrùn, òrùka iná tó yí òjìji ká ni ojú rí. Ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò wa lọ́sẹ̀ yẹn, orí ọ̀rọ̀ "ihò" yẹn la lò ó lé. Mi ò kábàámọ̀ ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀.

Níbo lẹ ti ń rí ìròyìn?

Nínú àwọn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ iṣẹ́ wọn sí ni ọ̀pọ̀ ti ń wá. Ọjọ́rú ni Nature máa ń gbé ìwádìí tuntun jáde, Ọjọ́bọ̀ ni ti Science. Wọ́n máa ń fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, lórí àdéhùn pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ ọ́ síta kí wákàtí tí wọ́n dá tó lù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ìròyìn kan náà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ní ìrọ̀lẹ́ kan náà.

Orísun kejì ni àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò, tí àwọn onímọ̀ ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn. arXiv ló ṣáájú nínú irú ojúlé bẹ́ẹ̀, ó ti wà láti 1991. Ohun rere níbẹ̀ pọ̀. Bí a bá mú nǹkan níbẹ̀, a máa ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní ìparí, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò.

Ìkéde tí ilé ẹ̀kọ́ gíga fi ń polongo iṣẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ńkọ́? A máa ń kà á, ṣùgbọ́n a kì í gbé e sáfẹ́fẹ́ láìka ìwádìí náà fúnra rẹ̀. "Eku" ló máa ń wà nínú ìwádìí, "aláìsàn" ló máa ń wà nínú ìkéde.

Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá ti yẹ ìwádìí wò, ṣé ó ti di òótọ́ nìyẹn?

Rárá. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà ti kà á, wọn kò sì rí àṣìṣe tó hàn gbangba. Wọn kì í tún un ṣe. Ìdánwò tó gbóná bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó bá jáde.

Ní oṣù Kejìlá 2010, Science gbé ìwádìí kan jáde nípa kòkòrò àìfojúrí kan láti adágún Mono ní California. Wọ́n ní ó lè fi ásínìkì, tó jẹ́ májèlé, dípò fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí gbogbo ohun abẹ̀mí ń lò, nínú DNA rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, a ó tún ìwé ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí kọ. Nígbà tó fi máa di 2012, àwọn mìíràn ti tún un ṣe, wọ́n sì rí i pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà ni kòkòrò ọ̀hún ń lò. Síbẹ̀, ìwé náà wà níbẹ̀ títí di oṣù Keje 2025 kí Science tó fagi lé e.

Awuyewuye tuntun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n purọ́. Àṣìṣe ni wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó kọ ìwé náà kò fara mọ́ fífagi lé e, wọ́n ní ẹni tó bá ta ko àwọn kó ta ko àwọn nínú ìwé, bí a ti ń ṣe é látayébáyé. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Fífagi lé ìwé jẹ́ àmì ẹ̀gàn lójú ayé, ẹni tó ṣì kò sì dọ́gba pẹ̀lú ẹni tó purọ́.

Kí ló dé tí wọ́n á sọ ohun kan lónìí, tí wọ́n á yí i padà lọ́la?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́, ó sì pọ̀ sí i lásìkò tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ òkúta ojú òfuurufú tí wọ́n ń pè ní 2024 YR4. Ní ìparí 2024 ni wọ́n rí i. Ní oṣù Kejì 2025, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó kọ lu ayé wa ní oṣù Kejìlá 2032, pé ìdá 3.1 nínú 100 ni ìṣeéṣe rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan sígbà náà tó wálẹ̀ sẹ́bàá òdo. Àwọn ènìyàn bínú. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n kàn ń dẹ́rù bani.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wò ó. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí òkúta yẹn, ọ̀nà tó lè gbà kọjá fẹ̀ bí òpópónà ńlá, ayé wa sì wà bí òkúta wẹ́wẹ́ kan lórí òpópónà náà. Bí wọ́n ṣe ń wò ó lálaalẹ́, òpópónà ń tín-ínrín sí i, ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ náà ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ojú ọ̀nà bá ti ń dínkù tí òkúta kò kúrò, ìdá tí òkúta gbà lára ọ̀nà ń pọ̀ sí i nìyẹn. Ohun tó mú ìdá náà gòkè dé 3.1 nìyẹn. Nígbà tó yá, ojú ọ̀nà tún tín-ínrín sí i, ó sì yẹ̀ kúrò lórí ayé pátápátá. Ìṣirò kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sẹ́ni tó yí ọ̀rọ̀ padà. Ojú wọn ló ń là sí i.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àṣìṣe ni lóòótọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2011, àwọn tó ń wọn eré tí àwọn neutrino, ìyẹn ègé kékeré tó kéré ju átọ́mù lọ fíìfíì, ń sá láti CERN, ibùdó ìwádìí ńlá kan nítòsí Geneva, lọ sí yàrá ìwádìí Gran Sasso ní Ítálì, nǹkan bíi kìlómítà 730, rí i pé wọ́n yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ: ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, nǹkan bíi 60 nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣáájú. Wọ́n kò jó, wọn kò yọ̀. Wọ́n bẹ gbogbo ayé pé ẹ bá wa wá ibi tí a ti ṣì í. Ní 2012 ni wọ́n rí i: okùn tín-ín-rín kan tó ń gbé àmì aago wá kò wọlé dáadáa sínú ẹ̀rọ. Mo ti gbé ọ̀pọ̀ ìròyìn àṣeyọrí sáfẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n okùn yẹn ni mo fẹ́ràn láti sọ jù fún ẹni tó bá bi mí pé kí ni sáyẹ́ǹsì.

Ìròyìn ní nǹkan kan ń fi ìdá 18 kún ewu jẹjẹrẹ. Ṣé kí n sá fún un?

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: ìdá 18 ti mélòó? Ní oṣù Kẹwàá 2015, àjọ tó ń wádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹni tó bá ń jẹ gíráàmù 50 ẹran oníyọ̀ tàbí ẹran inú agolo lójoojúmọ́ fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 kún ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ká ní nínú 1,000 ènìyàn tí kì í jẹ ẹ́, 50 ni yóò ní àrùn náà ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Ìdá 18 nínú 100 ti 50 jẹ́ 9. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ yóò wá jẹ́ 59 nínú 1,000. Kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ènìyàn 18 nínú 100 yóò kó jẹjẹrẹ.

Èmi gan-an ti ka ìdá yìí lórí afẹ́fẹ́ rí láìsọ pé ìdá 18 ti mélòó ni. Kí ètò tó parí, ìyá àgbàlagbà kan pè, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní àwọn mẹ́jọ ni wọ́n ń gbé inú ilé, ó sì ti ń ka orí wọn, ó ń wá ẹni tó máa kàn. Mo tọrọ àforíjì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sì tún ìṣirò náà ṣe ní gbangba. Láti ọjọ́ yẹn, a kì í sọ pé ewu "pọ̀ sí i" láìsọ iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àjọ náà tò ó sí ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú sìgá, èyí náà da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Bí ẹ̀rí ṣe dájú tó ni ẹgbẹ́ yẹn ń sọ, kì í ṣe bí ewu ṣe tóbi tó.

Bí àríyànjiyàn bá wà, ṣé ẹ máa ń fún ìhà méjèèjì ní ìṣẹ́jú kan náà?

Ó dá lórí irú àríyànjiyàn tó jẹ́. Ẹ mú eré tí àgbáyé ń sá bó ṣe ń gbòòrò. Àwọn tó fi ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ jù lọ lójú òfuurufú ṣírò rẹ̀ rí nǹkan bíi 67. Àwọn tó fi ìràwọ̀ ṣírò rẹ̀ rí nǹkan bíi 73. Kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni, fún gbogbo ìrìn tí ìmọ́lẹ̀ ń fi ọdún mílíọ̀nù mẹ́ta lé díẹ̀ rìn. Ìyàtọ̀ náà ju ohun tí a lè pè ní àṣìṣe kékeré lọ, àwọn méjèèjì sì ti yẹ ara wọn wò títí. Ibẹ̀ la ti ń pín àkókò ní ọgbọọgba, nítorí ẹ̀rí pín sí méjì.

Ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló ń mú ayé gbóná, kò sí ìpín méjì níbẹ̀. IPCC, àjọ àgbáyé tó ń yẹ ìwádìí lórí ojú ọjọ́ wò, sọ ní 2021 pé kò sí iyèméjì nínú rẹ̀. Bí mo bá mú ẹnì kan síbí, tí mo mú ẹnì kan sọ́hùn-ún, olùgbọ́ yóò rò pé ọ̀rọ̀ ṣì wà ní ìdajì-ìdajì, irọ́ ni mo sì pa fún un láìlanu. Ohun tí ó kù láti jiyàn lé lórí níbẹ̀, bí ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe àti ẹni tí yóò gbé ẹrù rẹ̀, àyè wà fún un lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ta ko gbogbo àwọn onímọ̀ ńkọ́? Ṣebí irú wọn ti jàre rí?

Wọ́n ti jàre rí. Barry Marshall àti Robin Warren ní Ọsirélíà sọ pé kòkòrò bakitéríà ló ń fa ọgbẹ́ inú, nígbà tí gbogbo ayé ń sọ pé wàhálà ọkàn àti omi kíkan inú ni. Ní 1984, Marshall da kòkòrò náà mu. Kò pẹ́ tí inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wọ́n sì rí kòkòrò náà níbẹ̀. Ní 2005, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ wá wo Andrew Wakefield. Ní 1998, òun náà dá dúró, ó kọ nínú Lancet, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn, nípa ọmọ 12, ó sì fi hàn bí ẹni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára fún èéyi ló ń fa ọ́tísíìmù. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lórílẹ̀-èdè púpọ̀. Ní Denmark nìkan, ìwádìí kan tó jáde ní 2019 tẹ̀ lé ọmọ tó ju 650,000 lọ, kò sì rí i. Wọ́n fagi lé ìwé rẹ̀ ní 2010, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìṣègùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò sí nínú ìgboyà. Ẹlòmíì tún iṣẹ́ Marshall ṣe, ó sì bá ohun kan náà. Ẹlòmíì tún ti Wakefield ṣe, ó bá òfo. Tí ẹnì kan bá wá sétí yín pé wọ́n ń fìyà jẹ òun nítorí òtítọ́, ẹ bi í pé ta ló ti tún un ṣe.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìwádìí kò ṣeé tún ṣe?

Òótọ́ ni ní àwọn ẹ̀ka kan. Ní 2015, àwọn onímọ̀ tún 100 ìwádìí nípa ìrònú àti ìwà ènìyàn ṣe. Nǹkan bí ìdá 36 nínú 100 ló jáde bíi ti àkọ́kọ́. Iye ènìyàn tí wọ́n lò máa ń kéré, ìwé àtìgbàdégbà sì fẹ́ràn ohun tó yani lẹ́nu. Tí ìwádìí kan bá lo ènìyàn 30, tí èsì rẹ̀ sì dùn mọ́ni jù, a máa ń fi í sílẹ̀ títí ẹlòmíì yóò fi dé.

Ta ló ń sanwó ìwádìí?

A máa ń bèèrè, a sì máa ń sọ ọ́. Ní 2016, wọ́n tú u síta pé àwọn oníṣúgà ti sanwó fún àwọn onímọ̀ kan ní Harvard ní àwọn ọdún 1960, kí wọ́n lè kọ ọ́ pé ọ̀rá ló ń fa àrùn ọkàn jù, kí ojú lè kúrò lára ṣúgà. Owó kò sọ ìwádìí di irọ́. Ó kàn ń sọ ibi tí a ó ti tan iná wò dáadáa ni.

Ǹjẹ́ wọ́n ti rí ohun abẹ̀mí níbòmíràn lójú òfuurufú?

Wọn kò tíì rí i. Ní oṣù Kẹrin 2025, àwọn onímọ̀ kan ní àwọn rí àmì afẹ́fẹ́ kan ní K2-18b, pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn ká, tó jìnnà tó ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń fi ọdún 124 rìn, pé ohun abẹ̀mí inú òkun ló máa ń mú un jáde láyé tiwa. Àwọn mìíràn tún ìṣirò náà ṣe láti inú àkọsílẹ̀ kan náà, wọ́n ní àmì náà kò dúró. Ọdún 2020 náà, irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí pílánẹ́ẹ̀tì Venus. A ó máa sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbọ́ "wọ́n ti rí i" lẹ́nu wa títí wọn yóò fi rí i.

Àríyànjiyàn lórí títún jíìnì ènìyàn ṣe: ìhà wo ni sáyẹ́ǹsì wà?

Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀kan yìí, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe? Sáyẹ́ǹsì lè dáhùn ìyẹn. CRISPR, ọ̀nà tí wọ́n fi ń gé jíìnì láti tún un ṣe, tí àwọn onímọ̀ Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier fi hàn ní 2012, ti di ìtọ́jú: ní oṣù Kọkànlá 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fàṣẹ sí èyí àkọ́kọ́ láyé, Casgevy, fún àìsàn fòníkúfọ̀ladìde. Wọ́n á yọ irúgbìn ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà, wọ́n á tún jíìnì inú rẹ̀ ṣe, wọ́n á sì dá a padà sára rẹ̀. Àyípadà náà kò ní dé ara ọmọ rẹ̀.

Ṣé ó tọ́? Ìyẹn kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè wọ̀n. Ní 2018, He Jiankui ní Ṣáínà kéde pé òun ti tún jíìnì ọlẹ̀ ṣe kí wọ́n tó bí àwọn ìbejì kan, àyípadà tí wọ́n lè gbé fún ọmọ àti ọmọ ọmọ. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ yẹn, yàtọ̀ sí onímọ̀ jíìnì, a pe agbẹjọ́rò, a sì pe ìyá kan tó ń tọ́ ọmọ tó ní àìsàn ìdílé. Ìyá náà ni mo fún ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kì í ṣe nítorí pé ó mọ̀ jù, bí kò ṣe pé òun ni ọ̀rọ̀ náà ń bá sùn tó ń bá jí.

Mo gbọ́ lórí ètò yín pé oògùn tuntun kan dára ju èyí tí mò ń lò. Ṣé kí n dá tèmi dúró?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá oògùn kankan dúró nítorí ohun tí ẹ gbọ́ lórí rédíò, títí kan tiwa. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì bi dókítà yín. Oògùn máa ń kọ́kọ́ gba ara ẹranko kọjá, á dé ara ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n ń wò bóyá kò léwu, á wá dé ara ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń dúró lójú ọ̀nà.

Ojúṣe wa ni láti sọ ìpele tí ìwádìí náà wà kí a tó sọ ohunkóhun mìíràn. Bí a bá gbàgbé, ẹ pè wá kí ètò tó parí, kí ẹ sì bi wá pé: "Eku ni àbí ènìyàn?"